Omi Tó Dúró Ló Ń Pa Sitéńlẹ́ẹ̀sì

Láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Ọ̀gbà ní Èkó, ẹnu àwọn tó ń ta irin kò yé sọ ọ́: "Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni, kò lè dípẹtà láéláé." Ọ̀rọ̀ yẹn ń kó oníbàárà sí gbèsè. Sitéńlẹ́ẹ̀sì ń dípẹtà, omi tó dúró ló sì ń pa á.

Awọ tín-ín-rín kan ló ń dáàbò bo irin yìí. Chromium inú rẹ̀, tí kì í dín ní 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń bá atẹ́gùn dá awọ náà. Bí nǹkan bá ha á, atẹ́gùn á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iyọ̀ lè dá a lu, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì lè ràn án lọ́wọ́. Nínú omi tó dúró, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ìdí táǹkì tí a fi irin yìí ṣe, wọ́n á fi ohun tó ń yọ̀ bí ilá bora. Atẹ́gùn kò ní dé abẹ́ rẹ̀ mọ́, ojú ọgbẹ́ kò sì ní jinná. Àwọn kan nínú wọn ń sọ sulphate inú omi di gáàsì tó ń rùn bí ẹyin òbu, èyí tó ń ba irin jẹ́. Lójú, ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nínú, ó ti dà bí ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ.

Àwọn tó ń ta irin á ní kí ni kòkòrò kékeré lè fi irin ṣe. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Wọ́n á ní Abúlé Ẹ̀gbá kì í ṣe etí òkun tí iyọ̀ pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú táǹkì, iyọ̀ inú rẹ̀ kì í bá a lọ. Ṣe ni ó ń le sí i. Wọ́n á ní kí a da bílíìsì sí i. Á pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣan án dànù, òun fúnra rẹ̀ á jẹ irin. Wọ́n á ní kí a ra oríṣi sitéńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní 316 dípò èyí tí wọ́n ń pè ní 304. Molybdenum inú 316 ń jẹ́ kó fara da iyọ̀ jù 304 lọ, ṣùgbọ́n omi tó dúró ń lu òun náà.

Kí ló dé tí omi fi ń dúró? Ẹ̀rọ ìjọba kì í yọ omi fún ọ̀pọ̀ ilé. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù, tó ti wà láti ayé òyìnbó amúnisìn, kò jìnnà sí Abúlé Ẹ̀gbá, síbẹ̀ kálukú ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó ń tọ́jú omi pamọ́. Ìjọba tí kò fún ará ìlú lómi ń jẹ irin wọn pẹ̀lú.

Títí omi yóò fi máa ṣàn, kí wẹ́dà tó fi omi dán táǹkì wò bóyá ó ń jò fa omi náà dànù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó nu inú rẹ̀ gbẹ. Kí ẹni tó ń tà á sọ bóyá 304 ni tàbí 316. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ òtítọ́ rọ́pò "láéláé": má jẹ́ kí omi dúró.