Òkè Aburi àti Ìrókò Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kò dùn mọ́ mi tán, nítorí pé èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú rẹ̀. Òótọ́ korò, ṣùgbọ́n mo ti pinnu láti sọ ọ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni ní agbègbè Bódìjà, igi ńlá méjì ló wà nínú ọgbà wa, ìrókò kan àti ọdán kan. Abẹ́ wọn ni àwọn ọmọ ti ń jẹun nígbà ìsinmi, abẹ́ wọn náà ni mo sì ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò nígbà tí ooru bá mú jù nínú kíláàsì. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ pàdé. Òrùlé kíláàsì mẹ́ta ń jò, owó kò sì sí. Ìyá kan tí ó jẹ́ alága àwọn òbí, tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, tí gbogbo wa sì ń pè ní Ìyá Elélùbọ́, dá àbá kan. Ó ní kí á ta ìrókò fún àwọn onípákó, kí á fi owó rẹ̀ kan òrùlé. Lẹ́yìn náà kí á gé ọdán, kí á kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sí ojú títì, kí á máa gba owó lórí wọn lọ́dọọdún. Àbá náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fara mọ́ títa ìrókò buwọ́ lùwé, èmi ni ẹnì kẹta tí ó buwọ́ lù ú. Ti ọdán, a sún un sí ìpàdé mìíràn.

Nígbà tí ìsinmi Ọdún Àjíǹde dé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ṣètò ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lọ sí Gánà. A háyà bọ́ọ̀sì kan, a sì pe àwọn òbí díẹ̀ mọ́ ọn kí àyè má baà ṣófo. Bí Ìyá Elélùbọ́ ṣe jókòó tì mí nìyẹn. A kúrò ní Challenge kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Èkó dé Sẹ̀mẹ̀, a la Kútọnù àti Lómé kọjá, ó sì di òru kí á tó dé Accra.

Gbogbo wa ń sùn, ṣùgbọ́n Ìyá kò sùn. Ó sọ fún mi pé Nsawam ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí òun sí, pé aṣọ ni bàbá òun ń tà níbẹ̀, àti pé ọmọ ọdún méje ni òun ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, “Tíṣà, ohun tí orí wa lè rù nìkan ni a rù. Igi píà kan wà tí ìyá mi gbìn sẹ́yìn ilé. Ó ti ń so. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bi í.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó wa lọ sí Aburi, tí ó wà lórí àwọn òkè Akuapem, ní nǹkan bí kìlómítà 35 sí Accra. Àwa ará Nàìjíríà mọ orúkọ Aburi dáadáa, nítorí pé níbẹ̀ ni Gowon àti Ojukwu ti pàdé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè náà ti lókìkí tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì wa ti ń gun òkè, tí ó ń yí sọ́tùn-ún, tí ó ń yí sósì, ni etí mi dí. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí wa lára, Ìyá sì fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká.

Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Bí ènìyàn bá gòkè tó ẹgbẹ̀rún mítà kan, ooru a máa dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 ti Celsius. Aburi ga tó nǹkan bí 400 mítà ju etí òkun lọ, nítorí náà ó fi ìwọ̀n bíi 2 tàbí 3 tutù ju Accra lọ. Kì í ṣe òtútù bíi ti Jos o, tí ó ga ju 1,000 mítà lọ. Òjìji igi àti atẹ́gùn ni wọ́n bá wa fi kún ìyókù.

Ní ọdún 1875, nígbà tí Gold Coast ni orúkọ Gánà, ìjọba òyìnbó kọ́ ilé kan síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, kí wọ́n lè máa gba afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1890, Gómìnà William Brandford Griffith àti Dókítà John Farrell Easmon, ọmọ ilẹ̀ Sàró, mú kí wọ́n ṣán ilẹ̀ tó yí ilé náà ká, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà igi. William Crowther, ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ni olùtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n pín fún ọgbà náà tó hẹ́kítà 64.8. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti tóbi tó, ẹ fojú inú wo pápá bọ́ọ̀lù bíi 90.

Bí a ti wọlé ni a rí ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n tò lọ ní ìlà méjì bí àwọn sójà tí ń dúró de gómìnà. Igi kan tún wà níbẹ̀, ìbátan ọdán, tí ó hù lára igi mìíràn. Ó na gbòǹgbò rẹ̀ yí igi tó gbà á lálejò ká títí ó fi fún un pa. Igi àkọ́kọ́ jẹrà tán, ihò ńlá ló kù láàárín. Mo wọ inú ihò náà, mo gbójú sókè, mo sì rí ojú ọ̀run láti ibẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ wò ó títí, ó wá mi orí, ó ní, “Bí ayálégbé ṣe ń di onílé nìyẹn.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin tí ó ń mú wa kiri fi àràbà ńlá kan hàn wá. Ó ní nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó ibẹ̀, òun nìkan ni wọ́n dá sí nínú gbogbo igi àtijọ́. Ìyá tún sọ̀rọ̀, ó ní, “Tíṣà, àràbà rèé, kò wó.” Kò sí ọmọ Yorùbá nínú wa tí kò mọ bí òwe náà ti parí, pé ojú ti ìrókò. A tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú. Mo rántí ibi tí mo buwọ́ lù.

Ẹ̀yin oníṣòwò lè máa wí pé, “Tíṣà yìí, igi wíwò lásán ni ẹ ná owó lé lórí?” Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní ọdún 1879, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Tetteh Quarshie kó irúgbìn kòkó bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Mampong, tí kò jìnnà sí Aburi. Nígbà tí ọgbà Aburi dé, ó di ibi tí wọ́n ti ń tọ́ èhù kòkó, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, tí wọ́n tún ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣe é. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1911, kò sí ilẹ̀ mìíràn ní ayé tí ó ń kórè kòkó tó Gold Coast. Àwa ará Ìbàdàn náà mọ ohun tí kòkó lè ṣe. Owó kòkó ló kọ́ ilé alájà 26 tí ó wà ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní ọdún 1965. Owó rẹ̀ náà wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Èhù tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́ kò sì fi ọjà ṣeré. Ó padà sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí a ti san owó ìwọlé, ó jókòó ti àwọn obìnrin tí ń ta èso, ó ra píà mẹ́rin, ó sì ń ka ọkọ̀ tí ń wọlé. Láàárín wákàtí kan, ó ka bọ́ọ̀sì mọ́kànlá. Ó ní, “Tíṣà, igi tí wọn kò gé ló ń pa gbogbo owó yìí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó dákẹ́, ó mú píà kan, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì tì í sínú àpò.

Ohun kan tí ó dun èmi ní tèmi ni pé àwa ni a ṣáájú wọn. Ní ọdún 1887, ọdún mẹ́ta ṣáájú Aburi, Gómìnà Alfred Moloney ti dá irú ọgbà yìí sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó. Ẹ lọ sí Èbúté-Mẹ́ta lónìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó bá. Mo bi ara mi léèrè ìdí tí ọ̀kan fi dúró tí èkejì kò dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé òkè ni, pé ibi gíga kò rọrùn fún ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n ìlú wà lórí òkè náà, ilé sì pọ̀ níbẹ̀. Mo wá rí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gbá ewé, òmíràn ń fi ọ̀dà tún orúkọ igi kọ sára pátákó, ni ó bá yé mi. Láti ọdún 1890, àwọn kan wà tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni láti tọ́jú ibẹ̀, ẹlòmíràn sì gba iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n lọ. Ọgbà tí kò bá ní olùtọ́jú, ilẹ̀ òfìfo ni lójú ẹni tó ń wá ilẹ̀.

Mo ti pinnu nínú ọkàn mi pé bí a bá délé, n ó ní kí wọ́n dá ìrókò sí. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn onípákó ti san owó sílẹ̀ kí á tó lọ, wọn kò sì dúró dè wá. Kùkùté àti ìyẹ̀fun pákó ni mo bá. Kí n má purọ́ fún yín, owó náà kan òrùlé, òrùlé náà kò sì jò mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wá gbé gẹdú náà ti hú ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀, kò sì sí ewé tí yóò gba òjò tàbí gbòǹgbò tí yóò di ilẹ̀ mú. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, àgbàrá gbé yanrìn wọ kíláàsì kẹta. Òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ tutù. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un, èmi onílé sì ti buwọ́ lùwé fún un. Ìbàdàn tí ó rí omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí omi gbé ènìyàn àti ẹrù lọ, kò yẹ kí ó tún máa fi irú nǹkan báyìí ṣeré.

Ojú tún tì mí nípa nǹkan kan. Ọgbà igi wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, láti ọdún 1948 tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni mo ti kọjá láti Àgbọ́wọ́ níwájú géètì yẹn, tí n kò yà wò ó rí! Mo la ibodè mẹ́ta kọjá kí n tó mọ iye ohun tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lọ síbẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, a ra èhù márùn-ún lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. A gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà. Èhù kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì tí ń bomi rin ín, orúkọ wọn wà nínú ìwé, bí wọ́n bá sì jáde, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò tún pàdé lórí ọ̀rọ̀ ọdán. N kò mọ ibi tí yóò já sí, nítorí pé àwọn kan ti ń bèèrè ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ti ń náwó rẹ̀ lọ́kàn. Lánàá, Ìyá Elélùbọ́ ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Kóró píà kan wà nínú agolo omi lórí tábìlì rẹ̀, ó ti la ẹnu. Ó ní, “Tíṣà, bí ẹ bá dìde ní Sátidé, ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹwà igi fún wọn. Ẹ bi wọ́n pé èló ni a ó fi ra òjìji fún irinwó ọmọ. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ayálégbé sílẹ̀ fún èmi.”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sábẹ́ igi náà ní ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá sì gbin òmíràn, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ìpàdé náà bá ti rí, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.