Òǹwòran Kì í Ṣe Àlejò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn Àjò sí Ìjàyè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bí òwe yìí bá jẹ́ òtítọ́ fún ẹni tí ó sùn mọ́jú nílùú onílùú, kí ni kí á wá wí nípa ẹni tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, tí ó ya fọ́tò, tí ó jẹ ìrẹsì inú ike, tí ó sì ti padà wọ Ìbàdàn kí oòrùn tó wọ̀? Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹ̀yin olùkàwé mi, nítorí pé ó ti ń di àṣà láàárín àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá, àti láàárín àwọn ọmọ wa tí ń ti òkè òkun wálé nígbà Kérésìmesì. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé: "Ọ̀gá, ṣé kí a sanwó fún àwọn tí ń múni káàkiri ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àbí kí a dá lọ fúnra wa?" Ìdáhùn mi kò fara sin. Bí ó bá jẹ́ Ìjàyè ni ẹ ń lọ, tí ẹ sì gbọ́ Yorùbá, ẹ dá lọ fúnra yín. N ó sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìlú tí à ń sọ. Kì í ṣe Ìjàyè ti Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àdúgbò Ìjàyè ní Abẹ́òkúta. Orílé-Ìjàyè ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí yóò rí oko ẹ̀gẹ́, yóò rí ọ̀pẹ, yóò rí ilé onípáànù àti àwọn obìnrin tí ń yan gàrí. Kò sí ohun kan tí yóò sọ fún ojú rẹ̀ pé ìlú ńlá kan ti wà níbẹ̀ rí, ìlú tí apá Ìbàdàn alágbára kò tètè ká.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé túká ni àwọn tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀dó sí Ìjàyè, Kúrunmí sì di olórí wọn. Aláàfin Àtìbà fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù tí í ṣe Àrẹ̀mọ rẹ̀ ni wọ́n fi jọba, bẹ́ẹ̀ àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Kúrunmí ní òun kò ní tẹríba fún ọba tí a fi jẹ ní ọ̀nà tí ó lòdì sí àṣà. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Kúrunmí ni ogun náà pa. Òun fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹfà ọdún 1861. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862 ni ìlú fọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò kú, tí a kò sì mú lẹ́rú, sá lọ sí Abẹ́òkúta, orúkọ ìlú wọn sì ni àdúgbò wọn ń jẹ́ níbẹ̀ di òní. Ẹ fi àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn sọ́kàn. N ó padà sí wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Ìjàyè. Ọ̀lẹ ni mo ṣe: mo fi gbogbo ètò lé ọwọ́ àwọn kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó èèyàn rìn kiri. Bọ́ọ̀sì wọn tutù, ìjókòó rẹ̀ sì tura. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe afọ̀nàhàn wa mọ ọ̀rọ̀ sọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já geere. Wọ́n kọ́kọ́ mú wa gun Máàpó, wọ́n mú wa gun Láyípo ní Òkè Ààrẹ, lẹ́yìn náà ni a forí lé Ìjàyè. Iṣẹ́jú 35 péré ni a lò níbẹ̀. Mo wo agogo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró ní etí oko kan, ó nawọ́ sí ilẹ̀, ó ní ibẹ̀ gan-an ni Kúrunmí ṣubú sí, pẹ̀lú idà lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí Ìbàdàn wọ ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀ náà. Obìnrin kan tí ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà wò wá, àwa náà wò ó, kò sí ẹni tí ó la ẹnu kí ẹnì kejì. A wọ bọ́ọ̀sì, a lọ.

Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan kọ ọ́ sínú ìwé ìdáhùn wọn pé ojú ogun ni Kúrunmí kú sí ní 1862. Mo fi bírò pupa fà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wúwo, nítorí Kúrunmí ti kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí ìlú tó fọ́, èmi olùkọ́ wọn ni mo sì fi owó ra irọ́ náà fún wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣìṣe afọ̀nàhàn kan ṣoṣo nìyẹn, pé kí n wá ẹlòmíràn tí ó kàwé jù ú lọ. Mo kọ̀. Àléébù náà wà nínú irú ìrìn àjò yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ wo bí èdè wa ti la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. A ní amọ̀nà, a sì ní afọ̀nàhàn. Amọ̀nà ni ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Afọ̀nàhàn ni ẹni tí ó fi ọ̀nà han ẹlòmíràn. Lóòótọ́, ẹnìkan ṣoṣo lè jẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n èdè kò fi dandan lé e. Ẹni tí a sanwó fún kí ó fi ọ̀nà hàn gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi hàn, kódà níbi tí kò ti sí ohun tí ojú lè rí. Ìjàyè kò ní òkúta ńlá bí Olúmọ, kò ní igbó àti ère bí Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ohun tí Ìjàyè ní wà lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí kò sì sí àyè fún ẹnu wọn nínú ètò ọjọ́ náà, kí ni afọ̀nàhàn yóò ṣe bí kò ṣe kí ó hun ìtàn?

Èdè wa tún mọ ìyàtọ̀ láàárín òǹwòran àti àlejò. Òǹwòran kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó wo ìran, ìran parí, ó relé. Àlejò ní ojúṣe. Ó gbọ́dọ̀ kí ará ilé, ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ti ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kí wọ́n yẹ òun náà wò. Ní ìdàkejì, onílé gbọ́dọ̀ fún un ní omi, kí ó sì dá a lóhùn. Owó tí a san fún bọ́ọ̀sì ọjọ́ kan kì í ra ojúṣe méjèèjì yìí fún wa. Ńṣe ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni. A wọ takisí Micra láti Òjóò dé Mọ́níyà, a sì wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò àti àwọn àpò wọn. Owó tí ẹnìkan san fún bọ́ọ̀sì tútù níjọ́sí ì bá gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, kí ó gbé wa bọ̀, kí ó sì tún ṣẹ́ kù. Ní Ìjàyè, a béèrè ilé olórí ìlú kí a tó béèrè ohunkóhun. Lójú ọ̀nà, a pàdé bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àdá àti àpò. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá náà dáhùn, ó sì dúró, ó wò ó títí. Ó ní, "Sé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n se ń kí àgbẹ̀ nílé yín?" Mo yára wí pé, "Àroko bọ́dún dé o, bàbá." "Àsẹ!" ni ó fi dáhùn, ojú rẹ̀ sì tú ká.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìkíni kan ṣoṣo yẹn. Èkíní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì kò mọ bí a ṣe ń kí àgbẹ̀. Èkejì, ó gbọ́ "sé" àti "àsẹ" lẹ́nu bàbá náà níbi tí ìwé kọ "ṣé" àti "àṣẹ", ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, títí mo fi rán an létí pé ohun tí a ti sọ ní kíláàsì lórí ẹ̀ka-èdè agbègbè Ìbàdàn ni etí rẹ̀ ń gbọ́ yẹn, pé kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀kẹta ni ó sì ṣe pàtàkì jù: ìkíni yẹn ni ó ṣí ìlẹ̀kùn. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ni ó mú wa dé ilé olórí ìlú, tí ó sì jókòó tì wá.

Nígbà tí mo béèrè ibi tí Kúrunmí ṣubú sí, bàbá náà mi orí. Ó ní, "Ta ló so fún un yín pé ogun ló pa Ààrẹ? Ìbànújẹ́ ni. Ó ti lọ kí ìlú tó fọ́." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣe sọ ọ́: ìbànújẹ́ ni ó pa á. Ṣùgbọ́n nílé kejì tí a dé, ìyá àgbà kan ṣàlàyé orírun ogun náà ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá, torí pé ìran tirẹ̀ wá láti ìhà Ìbàdàn lẹ́yìn tí ìlú ti di ahoro. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá rí i pé ìtàn ní ju ẹnu kan lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo èrò bọ́ọ̀sì ń gbọ́.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mo ń wí. Ní 1853 ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dá ibùdó sílẹ̀ ní Ìjàyè. Òyìnbó ni, kò gbọ́ èdè nígbà tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ó jókòó ti àwọn èèyàn, ó sì kọ́ ọ. Ní 1858, Smithsonian Institution tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde. Ǹjẹ́ ẹni tí ó wá láàárọ̀ tí ó lọ nírọ̀lẹ́ lè kọ irú rẹ̀? Bí àjèjì bá lè jókòó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ èdè wa, kí ni a ó pe ọmọ Yorùbá tí ó lọ sí Ìjàyè kí wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn baba rẹ̀ fún un?

Mo gbọ́ àtakò. Wọ́n ní ọ̀nà kò dára, pé àwọn ajínigbé wà. Òótọ́ ni ìbẹ̀rù yẹn, n kò sì ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n dídá lọ kò túmọ̀ sí lílọ ní ìwọ nìkan. Ẹ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wádìí ọ̀nà ní Mọ́níyà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ń ná an lójoojúmọ́, ẹ má rìn lóru. Ará Èkó pàápàá kò ní àwáwí mọ́: láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́tta wá sí Mọ́níyà. Bí wọ́n bá sì sọ pé ìlú kò balẹ̀ lákòókò kan, ẹ jókòó sílé. Bọ́ọ̀sì tútù kì í ṣe àpáta.

Wọ́n tún ní àwọn ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kò gbọ́ èdè ńkọ́? Mo gbà fún wọn. Wọ́n nílò ẹni tí yóò ṣe ògbifọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá a ní Ìjàyè tàbí Mọ́níyà, kí owó náà wọ àpò ẹni tí ìlú ń bí ní ìbéèrè bí ó bá parọ́. Lọ́jọ́ tí àwa lọ, oúnjẹ àti omi wa pàápàá láti Ìbàdàn ni a ti gbé wọn; kọ́bọ̀ kan kò bọ́ sílẹ̀ ní Ìjàyè. N kò sì bá ẹni tí ó gba afọ̀nàhàn ní Olúmọ jà, nítorí ibẹ̀ ní ohun tí ojú ń rí, ó sì ní àwọn ará ilé tí a yàn láti ṣàlàyé rẹ̀.

Kí àwọn tí ń dá rìn má sì tíì máa yọ̀. Mo mọ àwọn tí ń gun ọ̀kadà wọ abúlé, tí wọ́n di fóònù mú, tí Google ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yà sí ọ̀tún, tí wọ́n ya fọ́tò ilé onílé láìkí ẹnikẹ́ni. Òǹwòran ni àwọn náà. Bọ́ọ̀sì nìkan ni wọn kò wọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ Ìjàyè, ẹ fi owó bọ́ọ̀sì pamọ́. Ẹ kọ́ wọn ní ìkíni mẹ́ta: ti àgbẹ̀, ti oníṣòwò, ti ẹni tí ó jókòó sílé. Ẹ fún wọn ní odidi ọjọ́ kan, ẹ má ṣètò ju ìlú kan lọ sínú rẹ̀. Kí wọ́n béèrè ọ̀nà lẹ́nu èèyàn. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ ohun tí ó pa Ààrẹ kò ní wà láyé títí. Bí wọ́n bá lọ láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè, ẹni tí ó nawọ́ sí etí oko nìkan ni yóò kù láti sọ ìtàn náà, òun ni a ó sì máa gbàgbọ́.

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ire o.