Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa: ká tú u ká tún un tò ni, àbí ká gbé òmíràn sí i?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí ẹgbẹ́ wa fi ń kó ẹrù láti Ìlaròó, Òwódé àti Ìfọ̀ wá sí Sàǹgó ti dákẹ́. Ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, tòun ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ọjà wọn jẹrà lọ́jọ́ náà kò tíì yọ́nú sí wa, a ò sì bá wọn wí. Owó ẹlòmíràn ni wọ́n fi ra ọjà yẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ká tú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ náà, ká pààrọ̀ ohun tó ti jẹ, ká tún un tò. Àwọn kan ní rárá o, ká lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin, ká ra ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ká gbé e sí i, ká sinmi. Ní ìpàdé tó kọjá ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹni tó bá ní ká tún ti àtijọ́ tò, mẹkáníìkì ti fún un ní nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó fún wa ní nǹkan kan.

Kí á tó mú ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ ti jóná, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì náà funfun bí ògì. Bẹ́árìn ti jẹ, kíránkì sì ti họ. Rádíétọ̀ ti dí dé ìdajì nítorí omi kànga tá à ń bù sí i láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ti kú tipẹ́. Dírẹ́bà sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì, àwa ìgbìmọ̀ ní kó ní sùúrù kí owó oṣù wọlé ná. Nítorí náà ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, a ò lè gbé gbogbo rẹ̀ lé dírẹ́bà lórí. Ẹ sì gbọ́ eléyìí dáadáa: bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sẹ́yìn rádíétọ̀ tó dí yẹn, òun náà yóò kú ikú kan náà. Ẹni tó fẹ́ ká pààrọ̀ àti ẹni tó fẹ́ ká tún un tò, ọ̀rọ̀ rádíétọ̀ kan gbogbo wa.

Ohun tí àwọn tó fẹ́ tòkunbọ̀ ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Mẹkáníìkì wọn ní ọjọ́ mẹ́rin péré lòun máa fi gbé e sí i, nígbà tí títún ti àtijọ́ tò lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ wa bá fi dúró, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ là ń háyà. Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í sì í mu epo bíi ti 504 tó ń lo kábúrétọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ni kò mọ ohun tí lítà epo kan ń ṣe fún àpò wa?

Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè fún wa, ẹ́ńjìnnì nìkan ni. Ẹ́ńjìnnì Toyota kò ṣàdédé jókòó sí àyè ẹ́ńjìnnì 504. Wọ́n á gé irin ìjókòó rẹ̀, wọ́n á wẹ́ẹ̀dì òmíràn. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ yóò bá a wá, wọ́n á tún irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe kó lè bá a mu. Ó kan páìpù èéfín, ó kan ẹ̀rọ tó ń fa epo nínú táǹkì, ó kan wáyà àti ọpọlọ tó ń darí gbogbo rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ní bíìlì tirẹ̀, ẹ̀yìn tá a bá ti sanwó ẹ́ńjìnnì tán ni bíìlì wọ̀nyẹn yóò máa yọjú. Bí òjò bá wá rọ̀, tí omi gba ojú ọ̀nà, tó wọ inú ọpọlọ yẹn, ta ló máa tún un ṣe fún wa ní Òwódé? Ní ti 504, kò sí abẹ́ igi tí mẹkáníìkì wà tí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Èyí tó tún ń bà wá lẹ́rù ni pé a ò mọ ibi tí tòkunbọ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, á máa dán. Àwa tá a máa ń to tòmátì tó dára sókè apẹ̀rẹ̀, ṣé àwa la ò ní mọ ohun tó lè wà nísàlẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ rà á ṣáà gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tan án lójú òun, kó wo èéfín rẹ̀. Èéfín tó rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ti ń wọ inú rẹ̀. Dúdú, epo ti pọ̀ jù. Kó tún ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bí ìkòkò ẹ̀wà, kó yáa máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ wa. Tí a bá gbé òmíràn sí i láìgba rìsíìtì, láìlọ sí ọ́fíìsì láíséǹsì kí wọ́n yí i padà, bí ọlọ́pàá bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó rí i pé nọ́ńbà méjèèjì ò bára mu, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Èrò tiwa ni pé ká tú ti àtijọ́, ká tún un tò. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot. Láyé ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà wa níbí, 504 ni ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ́ ọn. Ohun mìíràn ni pé òrùka irin tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ ṣeé yọ nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Bó bá ti jẹ, a óò yọ ọ́, a óò ra òmíràn pọ̀ mọ́ písítìn rẹ̀, a ò ní í sọ gbogbo irin náà nù. Kíránkì ni ká gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti lọ̀ ọ́ kọjá ibi tí bẹ́árìn lè bá a mu, tàbí pé ara ẹ́ńjìnnì ti sán, èrò wa yóò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà náà pàápàá, ẹ́ńjìnnì 504 bíi tirẹ̀ la óò wá, a ò ní í wá Toyota.

A ò ní í kó owó lé mẹkáníìkì lọ́wọ́ o. Akápò àti ẹni méjì nínú yín ni kó tẹ̀lé e lọ ra pátì, kí wọ́n má gba Táíwàn ní owó ojúlówó. Gbogbo èyí tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n kó o wá sórí tábìlì ìpàdé. Rádíétọ̀, géèjì àti tẹ́mósítáàtì gbọ́dọ̀ wà nínú bíìlì. Tẹ́mósítáàtì yìí, mẹkáníìkì kan ló yọ ọ́ sọnù nígbà kan, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. A gbà á gbọ́. Ṣé ẹ rí i, ẹ́ńjìnnì tí kò bá ní in kì í tètè gbóná dé ìwọ̀n, á máa mu epo, á sì máa jẹ ara rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá sì dé, fún kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù kún. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹrù bíi tọ́ọ̀nù kan, gaàrí nìkan là ń dì kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú bí a bá ní kí àpò tiyín dúró de ìrìn kejì.

Ní ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ ò ní sí, à ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹgbẹ́ san ìdajì owó háyà, kí a sì kọ́kọ́ kó ẹrù àwọn alátà àti onítòmátì. Ọjọ́bọ̀ la óò dìbò, lẹ́yìn tá a bá pàtẹ tán. Mẹkáníìkì ti ṣèlérí pé òun máa gbé kíránkì náà wá kí gbogbo wa fi ọwọ́ kàn án.