Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Dá Thermostat Golf Yín Padà

Ẹ bi ẹni tó bá ń wa Golf bí mọ́tò náà ṣe rí, ohun méjì ló máa sọ. Ó máa kọ́kọ́ yìn ín: ó ń di títì mú, kì í gbọ̀n bí eré bá pọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún "gbì" bí a bá tì í. Lẹ́yìn náà, á mí kanlẹ̀, á ní, "Àmọ́ ó máa ń gbóná o."

Èmi náà wà lára wọn. Golf 4 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ká àga ẹ̀yìn sílẹ̀, àpò gàrí, iṣu àti jẹnẹrétọ̀ kékeré á wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ màá rí àyè páàkì níbi tí jíìpù ò lè dé. Láti 1974 tí Volkswagen ti gbé Golf jáde ní Jámánì láti rọ́pò mọ́tò tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá, wọ́n ti tà á ju mílíọ̀nù 35 lọ. Báwo wá ni mọ́tò tí gbogbo ayé ń rà ṣe di "mọ́tò tó ń gbóná" lọ́dọ̀ wa?

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà, àwa fúnra wa là ń bà á jẹ́. Ohun kékeré kan tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ la sì fi ń bẹ̀rẹ̀: thermostat.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mọ́tò mi gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò yẹ nǹkan kan wò, ó kàn tú thermostat, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ní í ṣe nǹkan kan?" Ó ní, "Bọ̀dá, òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe nínú oòrùn yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, mo sì sanwó. Ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí mo fi rí i pé epo ń tètè tán. Tí mo bá wà lórí ẹsipirẹ́ẹ̀sì, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kì í dé 90 mọ́. Nígbà tí wọ́n tú plug, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé, bí mo bá tún ti há sínú gosiló, mọ́tò á tún gbóná!

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Omi inú ẹ́ńjìnnì Golf gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 90°C kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ooru Èkó lọ́sàn-án lè jẹ́ 32°C, ti Sókótó lè tó 40°C. Lójú ẹ́ńjìnnì tó ń wá 90, òtútù ni méjèèjì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "ìlú òyìnbó" yẹn ò dúró rárá.

Ìda díẹ̀, irú èyí tó jọ ti àbẹ́là, ló wà nínú thermostat. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bíi 87°C, ìda yẹn á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Bí omi bá tutù jù, ìda á sún kì, sípíríǹgì á sì dá ilẹ̀kùn padà. Kò lo bátìrì, kò lo wáyà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn!

Bí ẹ bá wá yọ ọ́, omi á máa sáré lọ sí rédíétọ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí títì bá ṣí, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ṣe lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí i láàárọ̀, á máa fi kún epo. Epo tí kò jó tán ló ń di èédú lára plug. Bẹ́ẹ̀ sì ni epo tó ń jó máa ń mú oruku omi jáde. Bí ẹ́ńjìnnì ò bá gbóná tó láti lé e lọ, á máa dà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì.

Ti gosiló ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí thermostat ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ló ń dí ọ̀nà àbùjá kan. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi gbígbóná á máa gba àbùjá yẹn padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Ẹni tó yọ ọ́ nítorí ooru lè tún fi ooru kún ooru.

Mi ò ní bú àwọn mẹkáníìkì wa tán o. Òótọ́ kan wà lẹ́nu wọn: thermostat tó bá kú, tó kọ̀ láti ṣí, lè jó top gasket láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun là ń fi rọ́pò èyí tó kú. A kì í fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lásán.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí mọ́tò bá dúró, kò sí afẹ́fẹ́ ojú títì mọ́, fáànù nìkan ló kù. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìdérí omi ńkọ́? Omi máa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí ìdérí bá fún un pinpin, ó di 100 kọjá kó tó hó. Ìdérí tó ti rọ̀ ń jẹ́ kó tètè hó. Ẹ tún wo pọ́ǹpù omi, torí abẹ̀bẹ̀ inú ti àwọn Golf 4 kan, rọ́bà líle ni, ó sì lè sán. Omi kànga ńkọ́? Ìpẹtà tó ń fà àti ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù ló ń dí rédíétọ̀ pa. Coolant ni kí ẹ lò. Ẹ má sì ṣí ìdérí nígbà tó bá gbóná o, á bó yín lójú!

Fáànù ló ń ṣe tèmi. Swíìṣì tó ń tan án ló ti kú, iye rẹ̀ ò sì tó epo tí mo fi ṣòfò. Mo ra thermostat tuntun. Kí wọ́n tó dè é, mo gbé e sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, mo sì rí i bó ṣe ń ya ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń gbóná. Ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé.

Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ mi dúró sórí 90, lórí ẹsipirẹ́ẹ̀sì àti nínú gosiló. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ nǹkan kan kúrò lára mọ́tò yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Ọ̀gá, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó fi í síbẹ̀.