Àgbà Náà Lè Ṣubú Lórí Yìnyín

Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, tí igi ti wọ́wé tán ní Minneapolis àti St. Paul, ọ̀rọ̀ kan máa ń wà lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀: "Eré orí yìnyín kì í ṣe tiwa." Ẹni tó dé Minnesota lọ́dún tó kọjá ń sọ ọ́. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó ti ra ilé, tó ti di ọmọ onílùú, òun náà ń sọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò mọ ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ju ohun tó gbọ́ lẹ́nu òbí lọ, ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún jù. Wọ́n ti tún un sọ títí ó fi dà bí òfin ìlú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe òfin náà.

Eré tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ máa ń gbé èèyàn lọ sí góńgó òkè kó lè yọ̀ wálẹ̀. Ski ọlọ́nà-jíjìn ni: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀pá méjì, bàtà tí wọ́n de iwájú rẹ̀ mọ́ pátákó tí wọ́n sì fi gìgísẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àti apá olúwa rẹ̀ nìkan ló ń gbé e lọ. Ẹgbẹ́ eré ski àdúgbò pọ̀ ní Minnesota, ní Wisconsin àti ní Vermont, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gba ọmọ kékeré, ọ̀dọ́ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àti àgbàlagbà tí kò fẹsẹ̀ kan pátákó rí. Kí yìnyín tó bọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú eré sísá, òkè gígùn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, àti pátákó kúkúrú onítáyà tí wọ́n ń lò lórí títì ọlọ́dà. Bí yìnyín bá dé, iná á tàn sójú ọ̀nà inú ọgbà, ọmọ á lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àgbà á lọ bá àwọn tirẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà.

Kí ni òbí Yorùbá ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà? Èyí tó tiẹ̀ gbà kí ọmọ rẹ̀ darapọ̀ á wa ọmọ dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, á jókòó sínú ọkọ̀, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí ooru má bàa lọ, á sì tẹjú mọ́ fóònù títí ọmọ á fi parí. Lódìkejì gíláàsì, obìnrin tó jẹ́ ojúgbà rẹ̀ ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń lọ. Bí wọ́n bá bi òbí inú ọkọ̀ pé kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀, á ní òtútù ni. Òtútù kọ́. Ìtìjú ni.

Òbí kan náà yìí ló ń jí ní ìdájí lóṣù Kìíní lọ síbi iṣẹ́ nílé ìwòsàn tàbí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló ń ha yìnyín kúrò lára gíláàsì ọkọ̀, tó ń kó èyí tó dí ẹnu ọ̀nà ilé, tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú atẹ́gùn tó ń ta etí. Òtútù kò dá a dúró rí níbi tí owó bá wà. Ẹni tó bá sì ti fi ski rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ̀ pé òógùn ló ń dààmú èèyàn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ òwú sí ìsàlẹ̀, torí òwú á mu òógùn, á sì tutù mọ́ awọ. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló dára, kí wọ́n fi èyí tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá bò ó, kí wọ́n sì bo ọwọ́ àti etí. Bí òtútù bá wá le jù, ó ní ìwọ̀n. Àjọ FIS tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé kì í jẹ́ kí ìdíje wáyé bí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju -20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ akọni ni àwọn tó ń sáré níbẹ̀. Ìtìjú ni, kì í ṣe òtútù.

Ìtìjú pé ọmọ á rí bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Ìtìjú pé ọmọ ọdún mẹ́jọ á kọjá lára ìyá tí gbogbo ìjọ ń kúnlẹ̀ kí, á sì bojú wẹ̀yìn wò ó. Àwọn baba wa ló ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé àgbà kì í ṣubú. Kò ní kí àgbà jókòó ti fèrèsé kó má bàa ṣubú. Ó gbà pé àgbà á ṣubú, ó wá sọ ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn náà, pé kó wo ohun tó gbé e ṣubú. Ohun tí olùkọ́ ski ń kọ́ àgbàlagbà lọ́jọ́ kìíní gan-an nìyẹn. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn: kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó kó pátákó méjèèjì jọ lọ́gbọọgba, kó fi wọ́n dábùú òkè bó bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó má bàa tún yọ̀ lọ, kó kúnlẹ̀, kó dìde. Lẹ́yìn èyí, kó bi ara rẹ̀ pé kí ló gbé e ṣubú. Ṣé ìdí ló tì sẹ́yìn jù ni, àbí ẹsẹ̀ méjèèjì ló gan tí orúnkún kò tẹ̀? Ọmọdé kì í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Àgbà ló ń bi í, torí náà àgbà kò ní ìdí kankan láti sá fún ìṣubú.

Àwọn tó ń pe ski ní eré òyìnbó ti gba èsì tipẹ́. Samuel Ikpefan, ẹni tó dàgbà ní Faransé, gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sáré ski ọlọ́nà-jíjìn ní Olympics Beijing 2022. Ṣáájú rẹ̀, Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Togo, ti sáré fún Togo ní Sochi lọ́dún 2014 àti ní PyeongChang lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti àwọn òbí wọ̀nyí mu jù ni Philip Boit, ará Kẹ́ńyà. Wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ẹni tó kẹ́yìn. Lóòótọ́ ló kẹ́yìn nínú eré kìlómítà 10 ní Nagano lọ́dún 1998. Bí ogún ìṣẹ́jú ló fi dé lẹ́yìn Bjørn Dæhlie, ọmọ Norway tó gba góòlù, Dæhlie sì dúró dè é lójú ìlà títí ó fi dé, ó sì dì mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n máa ń fò nínú ìtàn náà ni pé ọdún 1996 ni Boit ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìnyín, ní Finland, nígbà tó ti kọjá ogún ọdún. Àgbàlagbà ló jẹ́ kó tó ṣubú lórí ski fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ṣubú níwájú àwọn tí wọ́n ti wà lórí rẹ̀ láti kékeré, ó sì dìde. Ó padà lọ sí Olympics lọ́dún 2002 àti 2006. Bí ìtìjú bá mú un, orúkọ rẹ̀ kò ní sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni lónìí.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ yìnyín pàápàá, yìnyín wọn ò dúró mọ́. Nígbà tí ìdíje World Cup ski ọlọ́nà-jíjìn dé ọgbà Theodore Wirth ní Minneapolis lóṣù Kejì ọdún 2024, ìgbà àkọ́kọ́ tó padà sí Amẹ́ríkà láti ọdún 2001, ìgbà òtútù ọdún náà móoru tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé yìnyín tí ẹ̀rọ fọ́n ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà. Lórí rẹ̀ ni Gus Schumacher, ọmọ Alaska, ti borí nínú eré kìlómítà 10 níwájú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ta ni yóò wá dúró síbẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan ló ni yìnyín tí ẹ̀rọ ṣe?

Ẹni tó mú kí àwọn ará Minnesota máa ya lọ síbi eré yìí ni Jessie Diggins, ọmọ abúlé Afton tí kò jìnnà sí St. Paul. Òun àti Kikkan Randall ló gba góòlù àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà gbà nínú ski ọlọ́nà-jíjìn ní Olympics, ní PyeongChang lọ́dún 2018. Gbogbo òbí ló ń fi orúkọ rẹ̀ gba ọmọ níyànjú. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa sọ ni pé àwọn òbí rẹ̀ ń gbé e sẹ́yìn nínú àpò bí ẹni pọnmọ, tí àwọn fúnra wọn wà lórí ski, nígbà tí kò tíì lè dá rìn lórí yìnyín. Kò sẹ́ni tó jókòó sínú ọkọ̀ nínú ìdílé yẹn. Ta ló ń pọnmọ jìnnà ju ìyá Yorùbá lọ?

Owó ni àtakò tó kàn. Ẹgbẹ́ àdúgbò ń yáni ní pátákó, wọ́n ń fi pátákó ọmọ tó ti dàgbà fún ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì máa ń pàtẹ ohun èlò àlòkù kí òtútù tó wọlé. Kò sí dandan kí ẹnikẹ́ni ra tuntun lọ́dún àkọ́kọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan owó, ó yẹ kí wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wọn nípa aṣọ ẹbí. Ìdílé tó ní agbára òun kò gbé owó ẹgbẹ́ ski ọmọ kan fún odindi ìgbà òtútù ti ra léèsì fún ìsọmọlórúkọ lóṣù Kẹrin, ó ti ra àǹkárá fún ọjọ́ ìbí olóye lóṣù Kẹfà, ó ti ra gèlè àti fìlà fún ìgbéyàwó lóṣù Kẹjọ, ó ti ná owó lójú agbo, ó sì ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Houston fún ẹ̀yẹ ìkẹyìn ìyá ọ̀rẹ́ kan. Aṣọ wọ̀nyí kì í sábà jáde lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kún un títí ilẹ̀kùn kò fi pa dé mọ́. Ọ̀rẹ́ tí kò bá ra tirẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó dun ni. Àwùjọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáwó fún ayẹyẹ ọjọ́ kan báyìí lè dáwó ra bàtà àti pátákó fún ogún ọmọ àti ogún òbí, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kí ẹni tó bá fẹ́ máa yá a. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, alága wà, akápò wà. Kò sẹ́ni tó dá a lábàá ni.

Àwọn tó ní ìwé ló yẹ kí ọmọ gbájú mọ́ gbàgbé pé ní Minnesota, àwọn sẹ́kọ́ńdírì ló ń gbé eré yìí kalẹ̀, tí wọ́n ń kà á mọ́ bọ́ọ̀lù àti eré sísá. Kò dí ìwé lọ́wọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ ski náà ní tiwọn láti ṣe. Kí wọ́n yéé rò pé fọ́tò ọmọ aláwọ̀ dúdú kan lórí ìwé ìpolówó ti tó. Kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà níbi tí àwọn àgbà wà, kí wọ́n kí wọn bó ṣe yẹ, kí wọ́n má fi ọmọ ogún ọdún tó ń pe bàbá àádọ́ta ọdún ní orúkọ àbísọ ṣe olùkọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Kí wọ́n fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní àgbà ní ilẹ̀ títẹ́jú tiwọn, níbi tí àwọn tó ń sáré kò ti ní máa pariwo pé kí wọ́n yà lọ́nà. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun kékeré ni ìtìjú ń jẹ.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ní ibi tí yóò lọ. Ọdún 1973 ni eré ski American Birkebeiner bẹ̀rẹ̀, láti Cable dé Hayward ní Wisconsin ló sì máa ń lọ báyìí lóṣù Kejì, nǹkan bí kìlómítà 50, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń sá a. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, àwọn tí kò sá a rí ló ń bọ́ sínú ọ̀wọ́ ẹ̀yìn, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń mí gúlegúle. Ìdíje àwọn àgbà lágbàáyé máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń pín wọn, kí ẹni ọgọ́ta má bàa bá ẹni ọgbọ̀n du ohun kan náà.

Ìforúkọsílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí yìnyín tó bọ́. Òbí tó bá wà lórí fóònù lọ́wọ́, tó ń kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó wò ó dáadáa bóyá àyè àgbàlagbà wà níbẹ̀. Bó bá wà, kó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, kó kọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè bá a wá pátákó sílẹ̀.