Fíìmù Tí A Ń Fi Etí Wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù kan dára, kó má wulẹ̀ lọ bi ẹni tó na ẹsẹ̀ sórí àga tìmùtìmù. Kó lọ bi télọ̀. Kó lọ bi onídìrí tí orí oníbàárà wà láàárín orúnkún rẹ̀. Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí kì í fi etí rẹ̀ tọrẹ. Bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló máa gbájú mọ́, kò tiẹ̀ ní í mọ ìgbà tó parí. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè dáwọ́ dúró, tó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ panu mọ́, ẹ tètè lọ wá fíìmù yẹn.

Mo ń sọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó kún ẹnu àwọn àgbà wa: pé fóònù ti ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́, pé ọmọ iṣẹ́ ayé òde òní ò lè rán ṣòkòtò kan tán kó má yọjú wo fóònù. Wọn ò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé àwọn náà ò ṣiṣẹ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ rí. Ọ̀wẹ̀ wo ni wọ́n bẹ̀ láyé wọn tí kò sí orin níbẹ̀? Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ àtíbàbà, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní í bá rédíò níbẹ̀. Ohun tó kàn yí padà ni pé fíìmù náà ti wọ ibi iṣẹ́, òun náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀.

Ní Ìjió níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà, kò sí ilé sinimá, a ò sì jókòó de ọ̀kan. Sinimá wa wà lápò ṣòkòtò. Èmi a máa ra kájú ní àsìkò rẹ̀, ìsọ̀ mi sì dojú kọ ìsọ̀ télọ̀ kan. Àǹtí télọ̀ yìí a gbé fóònù rẹ̀ ti agolo òwú, a kọ ẹ̀yìn sí i, a sì máa lọ aṣọ. Ẹ̀rín á kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láì bojú wẹ̀yìn. Mo bi í pé kí ló ń wò tí kò wò.

"Ẹ̀gbọ́n, Ṣaworoidẹ ni. Kí ni mo tún fẹ́ wojú wọn sí? Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fẹ́."

Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù yẹn jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀, wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà náà, nítorí náà ohun tuntun ni lọ́dọ̀ wọn. Òun ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá ti gbé aṣọ wá. Ìṣọ̀lá ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọba ń sọ̀rọ̀, ìjòyè ń dá a lóhùn, òwe ń gun orí òwe, ìlù sì ń sọ tirẹ̀ láàárín wọn. Ìlù yẹn gan-an ló gbé ìtàn dé òpin, ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí fóònù ò pàdánù nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé Jagun Jagun dé, èyí tí Femi Adebayo ṣe, tó bọ́ sórí Netflix ní oṣù Kẹjọ 2023. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Gbogbo wọn dìde yí fóònù ká. Fíìmù náà dùn, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ogun inú rẹ̀ tó ogun í pè. Ṣùgbọ́n apá òsì bùbá oníbàárà kan ni wọ́n rán mọ́ ihò apá ọ̀tún lọ́jọ́ náà, ọmọ tó gbé fíìmù dé ló sì jókòó tú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kì í ṣe pé mo lòdì sí àwòrán. Kí ni a ó tún máa pè ní fíìmù tí kò bá sí àwòrán? Àmọ́ etí ló kọ́kọ́ gba eré Yorùbá. Láti ìgbà alárìnjó àwọn ọlọ́jẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, títí dé ìgbà Hubert Ogunde àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹgbẹ́ òṣèré láti ìlú dé ìlú, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí gèlè ìyá kan dí lójú, gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn náà yé. Nígbà tí Ogunde gbé Aiyé sí sinimá ní 1979, ohùn yẹn ló bá a lọ: ọfọ̀, orin, èébú tó dùn ún gbọ́. Lónìí tí owó ńlá wọlé, tí ẹṣin wọlé, tí aṣọ ogun wọlé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń tín-ín-rín. Òṣèré á bú ramúramù, á yọ idà, á tẹ ojú mọ́ ọ̀tá rẹ̀, a ó sì wò ó títí láì gbọ́ gbólóhùn kan tí èèyàn lè mú lò lọ́jà lọ́jọ́ kejì.

Fíìmù Aníkúlápó wà láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Òkè-Ògùn wa níbí, ní Ìgbòjàyè, ni Kunle Afolayan kọ́ abúlé tó ti ya á sí. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2022 ló jáde, òun ló sì gba ẹ̀bùn fíìmù tó ta gbogbo yòókù yọ ní AMVCA lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́nà Ìgànná, tó ń fi ẹnu ṣe ohùn Sola Sobowale láàárín kòtò kan sí èkejì. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ gbogbo ẹjọ́ Àwárùn, ẹni tí Sobowale ṣe nínú rẹ̀, tán lẹ́yìn ọ̀kadà kí n tó rí i lójú. Ìyẹn nìkan ti fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ wà nínú fíìmù náà.

Àmọ́ ẹnu ahunṣọ kan láti Ìsẹ́yìn ni mo ti gbọ́ àríwísí tó wọ̀ mí létí jù. Ẹ rántí pé ahunṣọ ni Sàró, ẹni tí ìtàn náà dá lé, nígbà tó wọ Ọ̀yọ́ wá wá iṣẹ́. Ọkùnrin yìí ní òun jókòó, òun ń retí kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ẹlẹgbẹ́ òun lórí òfì dáadáa, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń gbà, bí aṣọ ṣe ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin àti agbára jíjí òkú fi gba gbogbo ojú ìwòran, òfì di ohun ìgbàgbé. "Iṣẹ́ tó gbé e wọ̀lú ni wọn ò jẹ́ ká rí." Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n kọ nípa Aníkúlápó nínú ìwé ìròyìn, n ò rí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ iṣẹ́ ló lè rí i.

Ní ti orin, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gààrí ni kí ẹ lọ. Gààrí ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní orin tó gbà. Níbi bíbó, ọwọ́ ń yá, ẹnu ṣófo, kò sí orin tí kò lè wọlé níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀gẹ́, kò sí ohùn olórin tó lè borí rẹ̀, ẹ pa fóònù kí bátìrì má baà lọ lásán. Nídìí yíyan ni ẹjọ́ wà. Iná ń jó, èéfín ń ta lójú, èèyàn ò sì gbọdọ̀ dáwọ́ rírò dúró kí gààrí má baà di kókó. Orin tí ìlù rẹ̀ ń lọ geere ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀. Orin tó ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, a máa da ọwọ́ rú.

Níbi bíbó ni ọmọbìnrin kan ti gbé Active sí i, orin Asake pẹ̀lú Travis Scott ará Amẹ́ríkà, tó wà nínú àwo Lungu Boy ti oṣù Kẹjọ 2024. Ó fẹ́ kí àwọn ìyá gbọ́ nǹkan tuntun. Ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè láti ìdí ẹ̀gẹ́, ó ní, "Ayuba nìyẹn."

"Rárá o, Mọ̀ọ́mì, Asake ni."

"Ayuba ni mo wí. Ṣé ọjọ́ tí a jó o nígbà ìyàwó àbúrò mi, ìwọ lo ń ṣe orin fún wa?"

Wọ́n jiyàn náà títí bàsíà fi kún. Àwọn méjèèjì ló jàre. Inú Raise Da Roof, tí Jazzman Olofin àti Adewale Ayuba jọ kọ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ni wọ́n ti mú ohùn tó wà nínú Active. Ẹnì kan wá èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ jáde, wọ́n gbọ́ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin yẹn kì í ti í gbé orin tuntun sí i láì kọ́kọ́ wo ojú ìyá yẹn.

Àwọn tó ń pe fújì ní orin fàájì gbàgbé ibi tó ti wá. Wéré ni, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Iṣẹ́ ni wọ́n ń fi orin náà ṣe. Bí olórin ò bá múra, ẹni tó yẹ kó jí á sùn kọjá àkókò, ebi á sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Síkírù Àyìndé Barrister, tó mú wéré tó sọ ọ́ di fújì, ọmọ iṣẹ́ òru yẹn ni, ó sì tún wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun abẹ́lé. Nígbà tí Adekunle Gold wá sọ àwo tirẹ̀ ní Fuji ní oṣù Kẹwàá 2025, ìsọ̀ télọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn onígààrí ló dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ní ó dùn, àmọ́ ó rọra jù fún orí iná. Kí ó padà sọ́dọ̀ télọ̀. Mo rò pé ẹjọ́ náà tọ́.

Àáró ni mo ka gbogbo èyí sí. O bá mi ro oko mi lónìí, mo bá ọ ro tìrẹ lọ́túnla. Ẹni tó fún mi ní orin kan tó gbé mi dé ìrọ̀lẹ́ ti bá mi ṣiṣẹ́, mo sì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gba irú èèyàn méjì. Ẹni tó ń gbà tí kì í fúnni, tó jẹ́ pé gbígbà nìkan ni áàpù Xender tí a fi ń pín fíìmù mọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Àti ẹni tó máa sọ òpin fíìmù fún yín kó tó sọ orúkọ rẹ̀. Ti ẹ̀yìn yìí burú ju olè lọ.

Olè tí mo dárúkọ yìí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Nítorí náà, ẹnì kan ló ń fa fíìmù wálẹ̀ báyìí, àdúgbò ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N ò lè dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n n ò lè gbàgbé Baba Sala náà. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó kó owó lé fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn ajádàkọ sọ ọ́ di kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì kù sí i lọ́rùn. Ọkùnrin tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín ni a ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ọdún 2018 ló kú, ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn ò sì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn títí dìgbà náà.

Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní kí ìyá tó ń gba owó lórí bàsíà ẹ̀gẹ́ lọ máa san owó Netflix lóṣooṣù. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ti ń gbé e sórí YouTube fúnra wọn. Bí ẹnì kan bá ní dátà nínú ìsọ̀, kí ẹ jọ gbọ́ ọ lójú òpó ẹni tó ni ín, kì í ṣe lójú òpó ajádàkọ tó gé orúkọ wọn kúrò níbẹ̀rẹ̀. Ìpolówó tó ń já lu ọ̀rọ̀ yẹn, tí ẹ ń bú, ibẹ̀ ni owó wọn ti ń wá. Àǹtí télọ̀ gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ìgbà ìpolówó ni òun fi ń wọ òwú sábẹ́rẹ́.

Èyí tí mo ní fún yín lọ́sẹ̀ yìí ni Ayinla, tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021, tí Lateef Adedimeji ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà nínú rẹ̀, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980. Mo ti gbọ́ ọ nídìí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀yìn sí fóònù, ó yege. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá mi gbọ́ ọ ti ń bèèrè orin Àyìnlá fúnra rẹ̀ báyìí. A ti rí bàbá kan tó ní i lórí kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ti gbà láti yá wa, ẹ̀rọ tí yóò lù ú la ò rí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ní Ìjió, ní Ìwéré-Ilé tàbí ní Ìgànná, kó yà sí ìsọ̀ mi. Kájú ò tíì pọ̀, àyè wà láti jókòó.