Kí A Tó Tún Bèbè Adágún Mọ



Ọ̀rọ̀ adágún ẹja tó ń jo ló wà lẹ́nu wa lóṣù yìí. Bí omi bá ń fà lójoojúmọ́ tí a kò rí ibi tó ń gbà jáde, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé a ó wá tọrọ owó àyálò, a ó pe katakata, a ó sì tún gbogbo bèbè mọ. Owó ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló lu. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yáni lówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ wádìí ilẹ̀ náà wò.

Ọ̀nà kan wà tí kò béèrè pé kí a gbẹ́ ilẹ̀. Omi tó bá ń rìn nínú ilẹ̀ a máa bí iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Quincke, ará Jámánì, ti rí i ní 1859 pé bí a bá ti omi gba inú ohun tó ní ihò wẹ́wẹ́ kọjá, iná á ti ibẹ̀ jáde. Ara hóró iyẹ̀pẹ̀ di irú iná kan mú, omi tó yí i ká sì ru èkejì. Bí omi bá ti ń lọ, ó ń gbé tirẹ̀ lọ. Ibi tí omi ti ń wọlẹ̀ sábà máa ń fi iye tó kéré ju òdo hàn lórí mítà, ibi tó ti ń jáde a sì fi èyí tó ju òdo lọ hàn. Iná náà kéré jọjọ. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóólítì la fi ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí òkúta tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ fóólítì kan ààbọ̀.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: mítà tó mọ iná kékeré, wáyà gígùn, àti ìkòkò amọ̀ kéékèèké méjì tó ń sun omi, tí a fi bàbà àti omi kọ́pà sọ́fétì sínú wọn. A ó fi ọ̀kan síbì kan, a ó máa gbé èkejì kiri orí bèbè.

Ibi tó ti le ni pé bèbè kì í tutù tán. Lápá òkè, omi àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀. Níbẹ̀, ojú ọ̀nà tóóró lomi ń gbà, iná tó ń bí á sì máa yí padà bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ tàbí tó ń tutù. Òjò àná nìkan tó láti da ìwọ̀n rú. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, tó gbowó, tó lọ, kò ṣiṣẹ́ o jàre. Kó wọ̀n ọ́n nígbà tí adágún kún, kó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí omi fà. Páìpù irin àti wáyà iná lè tàn án jẹ. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní mítà yìí yóò sọ iye gálọ́ọ̀nù tí kànga yóò mú wá. Ibi tí omi ń rìn ló ń tọ́ka sí, kì í ka gálọ́ọ̀nù.

Àwọn kan yóò ní owó ìwádìí tún di gbèsè mìíràn. A gbọ́. Ṣùgbọ́n bí bèbè bá tún jo lẹ́yìn tí a ti náwó ẹgbẹ́, ta ni yóò san án? Ṣebí gbogbo wa ni, àti ìyá ẹlẹ́ja tó ti san àsansílẹ̀ fún ẹja tí kò ní rí gbà. À ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbòò: kí owó ìwádìí wà nínú owó àyálò fúnra rẹ̀, kí àwọn tí adágún wọn súnmọ́ra sì jọ pe oníwádìí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ̀wé béèrè owó bèbè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pe katakata.